Ta Ló Ni Eré Ìyàwó Apọnmi?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Ìyá kan náà ló bí wa, orí ẹní kan náà la sì ń sùn nínú agboolé bàbá wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, nígbà tó mú ohun tí mo fi orí ara mi rò, tó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Àwọn mìíràn ti rẹ́ mi jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, tó kó àwọn máàpù tí mo fi ọwọ́ mi yà, tó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé, tó wá fi fọ́tò ara rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, tòun ti táì. Ó ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jẹ ìrẹsì níbẹ̀, n kò sì tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dé, òun náà ló sì pẹ́ lára mi jù.

Eré ló gbà lọ́wọ́ mi. Eré ọmọdé lásán, tí a ń ṣe lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lónìí, eré yẹn ti wà nínú fóònù, àwọn ènìyàn tí n kò lè mọ̀ láéláé ti ń ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun sì ti sọ pé àwọn làwọn ni ín.

Ẹni tó bá gbé agboolé rí yóò mọ bí ìgbà ìyàwó tuntun ṣe máa ń le. Ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà ṣe bàbá arúgbó tàbí ọmọ tó ń rákòrò. Gbogbo wọn ni ọkọ rẹ̀. Orúkọ mìíràn ni yóò hùmọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ tó bá ojú rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ mu, tí yóò dùn mọ́ ọn nínú. Ní agboolé tiwa, wọn kì í fẹ́ kí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lo orúkọ tí àwọn ìyàwó àgbà ti lò. Bí ẹnì kan bá ti ń pe àbúrò bàbá mi ní Akọ̀wé, ìwọ tí o wọlé lẹ́yìn wá tìrẹ. Bí o bá pe Akọ̀wé, wọn a dáhùn, ṣùgbọ́n wọn a máa wo ara wọn lójú, wọn a ní ọ̀lẹ ni ọ́.

Ìyàwó kan wọlé nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kéré, ẹnu rẹ̀ kò sì yá. Lọ́jọ́ kan, ó gbé garawa omi dé láti ìdí ẹ̀rọ. Ọmọ kékeré kan jókòó sójú ọ̀nà gan-an, ó ń fi iyanrìn bọ́ ara rẹ̀. Omi ń dà sí ìyàwó lọ́rùn, ọrùn ń ro ó, ó sì pe ọmọ náà lórúkọ àbísọ rẹ̀ pé kó kúrò lọ́nà.  Ẹ̀rín bú jáde ní gbogbo ilé. Ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà sọ láti ìloro pé, "Ìyàwó, omi yẹn ti bàjẹ́. Dà á nù, kí o lọ pọn èyí tó mọ ọkọ rẹ̀." Ó dà á nù lóòótọ́. Ó ń sunkún bó ṣe ń padà lọ.

Mo tẹ̀lé e. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un. A jọ dúró sórí ìlà níbi ẹ̀rọ, mo sì ní kó máa ka gbogbo ènìyàn ilé fún mi láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, kó sọ orúkọ tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti gbàgbé, a ó padà sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a fi délé, ó ti mọ̀ wọ́n tán, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú èédú, mo ya agboolé wa sórí sìmẹ́ńtì: ẹnu ọ̀nà, ìloro, yàrá bàbá mi, yàrá àwọn ìyàwó, kànga tó ti gbẹ. Mo fi ẹyọ èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ènìyàn. Mo bu omi sínú ìkarahun ìgbín, ìyẹn ni garawa ìyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé omi kọjá gbọ́dọ̀ sọ èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò. Bó bá dé ẹ̀yìnkùlé, yóò padà, yóò sì máa fi orúkọ tó sọ wọ́n kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbàgbé, tàbí tó bá jí orúkọ ẹlòmíràn lò, yóò da omi nù. Eré náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyàwó pásítọ̀ wá kí ìyá wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó bá wa lẹ́yìnkùlé nídìí eré náà. Mo ti lọ bu omi mìíràn sínú ìkarahun. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni mo gbọ́ tó ń béèrè pé, "Ta ló ronú kan nǹkan tó dára báyìí?" Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Èmi ni, mà."

Mo ní, "Irọ́ ni! Èmi ni!"

Ìyá mi, tó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, bojú wò mí. "O ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní òpùrọ́ lójú àlejò? Kúnlẹ̀, kí o tọrọ gáfárà."

Mo kúnlẹ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó jà mí lólè. Láti ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ìyàwó pásítọ̀ ti sọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹni tó ń kó àwọn ọmọdé ṣeré lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ń pe eré mi ní eré rẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìwé onílé gbígbé. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ọkọ sí Àrẹ̀mọ, ó ń ta aṣọ òfì ní Òjé. Gbogbo ọmọ tó bá dàgbà ní sàkáání rẹ̀ ló kọ́ ní eré náà. Èmi sì máa ń lọ kí i nígbà ọdún tuntun, torí pé ẹ̀gbọ́n ni. A ó jẹun, a ó béèrè àlàáfíà ọmọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ yóò yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ yìí pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀?"

"Kí ni mo dá sílẹ̀?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Háà, tíṣà! O ò tíì gbàgbé? Jẹ ẹran rẹ, ó ń tutù lọ."

Ìgbà mìíràn a máa fi aṣọ bá mi wí. Ó ní bí wọ́n bá gbé àrà tuntun kan jáde ní Òjé, kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, gbogbo ìsọ̀ ló ti gbé e kọ́. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ hun ún kì í sunkún, aṣọ mìíràn ló ń hun. "Ìwọ sì rèé, aṣọ kan ṣoṣo lo hun láyé rẹ, o wá jókòó tì í." Inú a bí mi. Mo ti fi ìbínú jáde nílé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ a sìn mí dé títì, wọn a máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Òkè Padre báyìí. Ìyá rẹ̀ ló ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi nígbà tó wọ yunifásítì, nígbà tó sì parí, kò lọ mọ́, èmi náà kò sì béèrè ìgbà tí yóò lọ. Àwọn ọmọ tèmi wà lókè òkun. Òun ló ń kán oògùn sí mi lójú láàárọ̀, a máa fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹnu kó má baà ta mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Nígbà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè nípa agboolé Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn wo ló kọjú sí ìloro? Níbo ni kànga wà? Ṣé òrùn máa ń dé ẹ̀yìnkùlé? Inú mi dùn. Mo ya á fún un bí máàpù, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló gbé fóònù sí mi lọ́wọ́. Ilé bàbá mi ni mo rí nínú rẹ̀. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ògiri amọ̀, òórùn nìkan ni kò sí. Obìnrin kékeré kan gbé garawa rù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan jókòó nínú ìloro, ó ń ṣa ẹ̀wà. Omijé bọ́ lójú mi. Ọmọ náà dì mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ ò tíì ṣe é ná. Ẹ fi ọwọ́ kàn án níbí kó bẹ̀rẹ̀." Mo fi ọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ kan jáde kí eré tó bẹ̀rẹ̀: *Ìyá ìyá mi ló dá eré yìí sílẹ̀.*

Mo bọ́ jígí ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á.

"Ó dára, ọmọ mi," ni mo sọ.

Kí ni ǹ bá tún sọ? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló kọ síbẹ̀.

Géèmù náà tàn kálẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun ń fi í kọ́ àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń sọ àwọn àgbà inú rẹ̀ lórúkọ tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pe bàbá mi ní Ọ̀gá Onírùngbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù lókè òkun. Wọ́n ní géèmù tàwọn wà, nínú èyí tí ẹni tó ń fi í ṣeré gbọ́dọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé lórúkọ tuntun, kó sì rántí rẹ̀ kí ọ̀nà tó là fún un. Wọ́n ní àwọn ní páténtì lórí rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgbàṣẹ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti yọ géèmù ọmọ náà kúrò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbà á sórí fóònù. Ibi tí àwòrán agboolé wa máa ń wà ṣófo. Ọmọ náà kò bú ẹnikẹ́ni. Kò kàn jẹun mọ́ dáadáa ni, a sì máa ṣí ojú ibẹ̀ lemọ́lemọ́ bí ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn aláìsàn.

A lọ rí lọ́yà kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nísàlẹ̀ Mápó. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì rí, èékánná rẹ̀ ló máa ń jẹ nígbà náà, ó sì ṣì ń jẹ ẹ́.

Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n jí i lọ́wọ́ wa ni?"

"Mà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn náà ronú kàn án lọ́tọ̀ ni. Kò kàn wá. Ohun tí ẹni tó gba páténtì ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí kí òun tó dé. Bí a bá fi hàn pé àwọn ènìyàn ti ń ṣe é ní gbangba tipẹ́tipẹ́, páténtì yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹ̀rí la nílò, ẹ̀rí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó mọ bó ṣe pẹ́ tó, tó sì lè búra."

Nínú àwọn tó ṣe eré náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ṣẹ́ kù.

Lọ́yà náà yọ èékánná kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Mà, mo ti bá Màmá Àrẹ̀mọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀, kí n kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀yin sì sọ pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀rí méjì péré la ní. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn báyìí, àwọn lọ́yà ọ̀hún á ní àwọn ìyá àgbà méjì ń lá àlá ni. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò wulẹ̀ ní sọ pé ẹ ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀? Pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá a nílé?"

"Ṣé kí n búra irọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ohun tó o sọ nìyẹn."

Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ì bá bẹ̀ mí, ǹ bá rí ẹni bínú sí. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó di apá mi mú lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ ibi tí n ó gbé ẹsẹ̀ sí fún mi, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù.

Mo rò ó nílé. Láyé mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, pé kó sọ ọ́ lójú ènìyàn pé èmi ni mo ni ín. Bí mo bá búra pé a kò mọ ẹni tó ni ín, mo ti fi ọwọ́ ara mi sin ín. Bí n kò bá búra, ilé tí ọmọ yìí kọ́ fún wa yóò wó. Mo wò ó tó ń fọ abọ́ tí kò jẹun nínú rẹ̀. Mo ní kó pe lọ́yà, kó sọ fún un pé kó wá bá wa ní Àrẹ̀mọ lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ó na ẹsẹ̀ kan sórí àpótí torí orúnkún rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i díẹ̀, orúnkún tèmi náà kò dára.

Ó ní, "Tíṣà! Ṣé ọdún tuntun ti dé ni, kò sẹ́ni tó sọ fún mi?"

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde, dìde, kí a má baà máa wá ẹni tó máa gbé ọ."

Ọmọ náà fi géèmù àwọn ará òkè òkun hàn án. Àwọn ọmọ ogun tó wọ irin látòkè délẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, orúkọ kálukú wọn sì wà ní kíkọ lókè orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sún fóònù sẹ́yìn, ó sún un síwájú.

"Ta lèyí tó de ìkòkò mórí?"

"Ọmọ ogun ni, Màmá."

"Kí wá ni wọ́n kọ sókè orí rẹ̀?"

"Orúkọ rẹ̀ ni."

"Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Tó sì wà níta gbangba báyìí, tí ìyàwó ń wò ó? Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe! Kí ni wọ́n tún ń sọ ọ́ lórúkọ fún?" Ó pòṣé. "Wọ́n ṣe àdàkọ nǹkan, wọn ò sì rí i."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀ kí lọ́yà tó dé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbà. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin ni, èmi náà ò ní sọ pé èmi ni. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ pé a ò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Nítorí ọmọ yìí."

Ó gbé fóònù padà fún ọmọ náà.

"Ta ni ò mọ̀?"

"Àwa méjèèjì."

"Bí ìwọ ò bá mọ̀, sọ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀."

 Mo ti rọra gbé ohun tí mo fẹ́ràn jù sílẹ̀, ó sì tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ǹ bá dìde, ṣùgbọ́n lọ́yà ti ń kan ilẹ̀kùn. Ó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ láti gba ohùn wa sílẹ̀, ó sì ní kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún gèlè rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé fóònù náà ń wò ó.

Ó ní, "Ní agboolé bàbá wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, àbúrò mi tó jókòó síbí yìí ló dá eré náà sílẹ̀. Ìyàwó kan ló ṣàṣìṣe, wọ́n ní kó da omi rẹ̀ nù. Àbúrò mi tẹ̀lé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó dé, ó mú èédú, ó ń ya ilé. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mò ń wò ó. Ó ń yọ ahọ́n síta bó ṣe ń yà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Gbogbo ọmọ tó wà ní àdúgbò ló ṣe é lẹ́yìn náà, èmi ni mo kó wọn jọ, mo sì lè dárúkọ àwọn tí mo bá rántí. Kọ ọ́ dáadáa."

 Mo ti rò pé bó bá sọ ọ́, màá wò ó lójú, màá ní, "Ẹ rí i!" Ṣùgbọ́n ahọ́n tó sọ pé mo yọ síta nìkan ni mo ń rò. Kò sẹ́ni tó tún wà láyé tó lè rántí pé mo máa ń yọ ahọ́n nígbà tí mo bá ń yàwòrán. Lọ́yà ní ó kàn mí. Mo sọ ohun tí mo mọ̀, ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì sì bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí n tètè sọ ọ́ níbí: lọ́yà kó àwọn ẹ̀rí náà ránṣẹ́, lẹ́yìn lẹ́tà bíi mélòó kan, àwọn ará ọ̀hún yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Wọn kò tọrọ gáfárà. Agboolé wa ti padà sínú fóònù. Ọmọ náà ní òun fẹ́ yí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, mo ní kó kọ èmi síbẹ̀, kó sì fi ìyá ìyá rẹ̀ sí i pé òun ló kó àwọn ọmọ jọ. Òdodo nìyẹn. N kò ṣe é bí oore.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tí lọ́yà àti ọmọ náà ti lọ wá ọkọ̀ sójú títì, ó ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nínú pálọ̀. Ó ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo gba òróró náà, mo ń bá a ra á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ó fúyẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọdé.

Mo ní, "Ẹ mọ̀. Látọjọ́ yìí lẹ ti mọ̀. Ẹ rí mi tí mo ń yà á. Kí ló dé tí ẹ ò gbà fún mi, ẹ̀gbọ́n mi? Gbogbo ọdún tí mo fi ń béèrè?"

Kò wò mí. Ó na ẹsẹ̀ náà sí i kí ọwọ́ mi lè dé ibi tó ń dùn ún.

"Ọdọọdún lo máa ń wá bá mi jà lé e lórí," ló wí. "Bí mo bá ti gbà fún ẹ, kí lo tún fẹ́ máa wá ṣe nílé mi?"